Roberto Ni Orúkọ Rẹ̀: Ìtàn Clemente, Akọni Tí Kò Gbà Kí Wọ́n Sọ Òun Di Ẹlòmíràn

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹwàá, ọdún 1971, nílùú Baltimore lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Pittsburgh Pirates ṣẹ̀ṣẹ̀ borí nínú World Series, ìdíje tí ó ga jù lọ nínú eré bésíbọ́ọ̀lù. Yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń pààrọ̀ aṣọ kún fún ariwo ayọ̀. Wọ́n na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ẹni ọdún 37, tí gbogbo ènìyàn gbà pé òun ni akọni ìdíje náà. Àìmọye ènìyàn ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń retí kí ó sọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ tọrọ ààyè láti fi èdè Sípéènì bá ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Puerto Rico. Ó súre fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí àwọn òbí òun súre fún òun.

Kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí yóò máa béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá yege, tí ó gba oyè, tàbí tí ó kọ́lé tuntun, iwájú àwọn òbí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ sí kí ó tó dá àlejò lóhùn. Àwọn ará Puerto Rico náà ní irú àṣà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa níbẹ̀ a máa tọrọ ìsúre lẹ́nu òbí rẹ̀ bí ó bá ń jáde àti bí ó bá ń wọlé. Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́jọ́ yẹn ni ibi tí ó ti sọ ọ́ àti àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀. Láti ọdún 1955 ni àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ti ń fi bí ó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n sì ń pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọkùnrin náà ni Roberto Clemente. Iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù yọrí ni àwọn olólùfẹ́ eré náà fi ń rántí rẹ̀, iye náà sì pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìgbé ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: kò gbà kí ẹnikẹ́ni ka òun tàbí ẹlòmíràn sí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan. Èyí ló mú un dúró ti orúkọ rẹ̀. Òun náà ló sì gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú tí kò bá a padà bọ̀.

Ọmọ ìlú onírèké

Ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ, ọdún 1934 ni wọ́n bí i ní àdúgbò San Antón, nílùú Carolina, ní erékùṣù Puerto Rico. Nǹkan bí 400 ọdún ni àwọn ará Sípéènì fi ṣàkóso erékùṣù yìí kí Amẹ́ríkà tó gbà á lọ́wọ́ wọn nínú ogun ọdún 1898. Oko ìrèké ló gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára àwọn tí wọ́n fi tipátipá mú ṣiṣẹ́ nínú àwọn oko náà, títí di ọdún 1873 tí òfin fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Ìran àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà nínú ẹ̀jẹ̀ Clemente.

Melchor, bàbá rẹ̀, jẹ́ alábòójútó àwọn òṣìṣẹ́ ní oko ìrèké. Luisa, ìyá rẹ̀, kì í káwọ́ gbera. Ó ń tọ́jú ilé, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ mìíràn kí oúnjẹ lè tó gbogbo wọn. Roberto ni àbíkẹ́yìn. Ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé nígbà tí ó ní òun fẹ́ kẹ̀kẹ́, bàbá rẹ̀ ní kí ó lọ fi iṣẹ́ wá owó rẹ̀. Ọmọdékùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ru agolo wàrà fún aládùúgbò kan ní ìdájí, wọ́n ń fún un ní sẹ́ǹtì kan lójúmọ́, ó sì tó ọdún mẹ́ta kí owó kẹ̀kẹ́ náà tó pé.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì, ilé méjì ni wọ́n máa ń wò: orúkọ ìdílé bàbá ni yóò ṣáájú, orúkọ ìdílé ìyá yóò sì tẹ̀lé e, kí ẹ̀gbẹ́ kankan má baà parun. Clemente ni ti bàbá, Walker ni ti ìyá. Nítorí náà, orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Roberto Clemente Walker. Àwọn ará ilé tún máa ń pè é ní Momen. Ìnagijẹ ni, ó wá láti inú ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nígbà èwe bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́: kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Gbogbo orúkọ tí ó ní nìyẹn. Kò sí «Bob» níbẹ̀.

Igi gúáfà ni òun àti àwọn ọmọ àdúgbò fi ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi àkísà àti okùn wé. Eré bésíbọ́ọ̀lù kò sì ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré tagbára-tagbára. Ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì yóò di igi mú, yóò sì gbìyànjú láti gbá a lọ síbi tí kò sí ẹni tí yóò tètè mú un. Bí ó bá gbá a yọrí, yóò sáré gba ojúkò mẹ́ta kọjá títí yóò fi padà sí ibi tí ó ti gbéra, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì jẹ ayò kan. Bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ògiri pápá, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró mọ́. Àwọn tí wọ́n wà káàkiri pápá ní ìbọ̀wọ́ aláwọ tí wọ́n fi ń hán bọ́ọ̀lù. Clemente mọ̀ ọ́n gbá, ó sì mọ̀ ọ́n hán. Nílé-ìwé, ó máa ń ju ọ̀kọ̀ nínú ìdíje eré ìdárayá. Apá tí ó fi ju ọ̀kọ̀ náà ló wá fi ń ju bọ́ọ̀lù láti ìkángun pápá, débi pé ẹ̀rù máa ń ba àwọn asáré láti gbéra nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún 1952, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 18, ni ẹgbẹ́ Cangrejeros ti Santurce gbà á. Ní ọdún 1954, Brooklyn Dodgers ti Amẹ́ríkà fún un ní 10,000 dọ́là kí ó lè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn wọn. Ẹgbẹ́ yìí ni Jackie Robinson wà ní ọdún 1947 nígbà tí ó fọ́ ògiri tí ó ti dí aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá. Ṣùgbọ́n Dodgers rán Clemente lọ sí ẹgbẹ́ kékeré wọn nílùú Montreal, ní Kánádà, ó sì ń jókòó lọ́pọ̀ ìgbà láì wọ pápá. Òfin ìgbà náà ni pé bí owó ìfọwọ́síwèé agbábọ́ọ̀lù tuntun bá ju 4,000 dọ́là lọ, tí wọn kò sì fi í sí ẹgbẹ́ ńlá, ẹgbẹ́ mìíràn lè mú un ní òpin ọdún. Clyde Sukeforth, tí ń bá Pittsburgh Pirates wá agbábọ́ọ̀lù, lọ sí Montreal láti wo ẹlòmíràn, Clemente ni ojú rẹ̀ sì mú bọ̀. Pirates ló wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú líìgì wọn lọ́dún náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ yàn. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 1954, wọ́n mú un.

Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́

Pittsburgh jẹ́ ìlú ilé-iṣẹ́ irin, ìlú òtútù àti èéfín. Àlejò lọ́nà méjì ni Clemente jẹ́ níbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn aláwọ̀ funfun, èdè rẹ̀ sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà bá lọ sí Fort Myers ní ìpínlẹ̀ Florida láti múra sílẹ̀ fún sáà tuntun, òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kan náà. Bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé oúnjẹ, àwọn aláwọ̀ funfun a sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun, àwọn aláwọ̀ dúdú a jókòó sínú ọkọ̀ dúró de ohun tí wọ́n bá gbé jáde fún wọn. Clemente kò gbà. Ó kéde fún àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ pé òun kò ní máa rìn lọ́nà bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi wá ọkọ̀ mìíràn fún àwọn aláwọ̀ dúdú.

Èyí tí ó pẹ́ jù, tí ó sì dùn ún jù, ni ti àwọn akọ̀ròyìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní «Bob» tàbí «Bobby», bí ẹni pé Roberto wúwo jù fún ahọ́n wọn. Ó wà nínú ìwé ìròyìn, ó wà lórí rédíò, ó sì wà lára káàdì alámòrán tí àwọn ọmọdé ń rà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń sọ fún wọn léraléra pé Roberto ni orúkọ òun. Wọn kò gbọ́.

Lẹ́yìn orúkọ, wọ́n kan ẹnu rẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ funfun bá sọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún, akọ̀ròyìn a fọwọ́ tún un ṣe kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí Clemente bá sọ̀rọ̀, wọ́n a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe dún létí wọn, wọ́n a mọ̀ọ́mọ̀ ba sípẹ́lì rẹ̀ jẹ́, kí ẹni tí ń kà á lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè Sípéènì rárá. Èdè kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́, síbẹ̀ wọ́n ń fi ẹni tí ó gbọ́ méjì ṣẹ̀sín. Kì í sì í ṣe irọ́ nìkan ni a fi lè ba ènìyàn jẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Ènìyàn lè kọ ohun tí ẹnìkan sọ sílẹ̀ láì yọ kúrò, kí ó sì kọ ọ́ lọ́nà tí ọlọ́gbọ́n yóò fi dà bí òmùgọ̀ lójú ẹni tí ń kà á. Clemente mọ ìyàtọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí i. Ìbínú náà ni wọ́n tún wá gbé jáde pé onígbèéraga ni.

Ìròyìn kẹta tí wọ́n ń gbé kiri ni pé ọ̀lẹ ni, pé ó máa ń díbọ́n àìsàn. Ṣùgbọ́n ní òpin ọdún 1954, awakọ̀ kan tí ó mutí yó ti fi mọ́tò kọlu ọkọ̀ Clemente ní Puerto Rico, ó sì ṣe é léṣe ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìrora náà kò fi í sílẹ̀ mọ́. Bí ó bá sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun, wọ́n a ní àròyé rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí yóò fi kúrò láyé, ó ti gbá bọ́ọ̀lù nínú eré 2,433 fún Pirates, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà. Ọ̀lẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1960, Pirates borí New York Yankees nínú World Series, Clemente sì gbá bọ́ọ̀lù yọrí nínú gbogbo eré méjèèje. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn dìbò yan agbábọ́ọ̀lù tí ó wúlò jù lọ ní líìgì náà fún ọdún yẹn, Dick Groat tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ló gbà á; ipò kẹjọ ni wọ́n fi Clemente sí. Ó dùn ún wọra. Kò ní kí Groat má gbà á. Ohun tí ó ń bí i léèrè ni bí ènìyàn ṣe lè ṣe iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kí ojú àwọn tí ń kọ ìtàn má sì rí i.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fọhùn

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1961, 1964, 1965 àti 1967, òun ló ní ìpíndọ́gba gbígbá bọ́ọ̀lù tí ó ga jù lọ nínú National League. Láti ọdún 1961 títí di ọdún 1972, ọdún 12 léraléra, kò sí ọdún kan tí kò gba Gold Glove, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù hán jù lọ. Ní ọdún 1966, àwọn akọ̀ròyìn kan náà tí wọ́n fi í sí ipò kẹjọ dìbò fún un gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó wúlò jù lọ ní líìgì náà.

Bí òkìkí rẹ̀ ṣe ń kàn ni ó ń fi ẹnu náà ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ti Puerto Rico, Dominican Republic, Panama àti Venezuela bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n. Ó ń sọ ní gbangba pé ìyà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń jẹ nínú eré náà, ìlọ́po méjì ni ó ń di bí ẹni náà bá tún jẹ́ elédè Sípéènì.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹrin, ọdún 1968, wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King. Wọ́n ti fi ìbẹ̀rẹ̀ sáà bésíbọ́ọ̀lù sí ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ṣáájú ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú 11 ló wà nínú ẹgbẹ́ Pirates nígbà náà, Clemente sì wà lára àwọn tí wọ́n ṣíwájú nígbà tí wọ́n ní àwọn kò ní gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó sin King. Àwọn aláwọ̀ funfun ẹgbẹ́ wọn dúró tì wọ́n. Àwọn aláṣẹ líìgì sún ìbẹ̀rẹ̀ sáà síwájú di ọjọ́ 10, ọjọ́ kejì ìsìnkú náà.

Ọdún 1971 ni ohun gbogbo wá bọ́ sójú kan. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹsàn-án, Danny Murtaugh, akọ́nimọ̀ọ́gbá Pirates, kọ orúkọ àwọn mẹ́sàn-án tí yóò bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú Philadelphia. Gbogbo wọn ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí ọmọ ilẹ̀ elédè Sípéènì. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú líìgì ńlá. Clemente wà lára wọn, Pirates sì borí. Nígbà tí ó di World Series ní oṣù Kẹwàá, Baltimore Orioles ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò gba ife. Bí Clemente ti ṣe ní ọdún 1960, ó tún gbá bọ́ọ̀lù yọrí nínú eré méjèèje. Nínú eré tí ó kẹ́yìn, ó gbá bọ́ọ̀lù kan fò kọjá ògiri pápá, Pirates sì fi ayò 2 sí 1 borí. Wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó wúlò jù lọ nínú ìdíje náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i, tí ó sì kọ́kọ́ fi èdè ilé rẹ̀ bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èdè tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ló gbé jáde ní ọjọ́ ògo rẹ̀, láì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1972, nílùú Pittsburgh, ó gbá bọ́ọ̀lù yọrí fún ìgbà 3,000. Ẹni 10 péré ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ nínú gbogbo ìtàn líìgì ńlá, kò sì sí ọmọ Látìn Amẹ́ríkà kankan nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé kò tún ní gbá òmíràn yọrí nínú eré líìgì mọ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1972, Clemente kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Puerto Rico lọ sí Managua, olú ìlú Nicaragua, fún ìdíje àgbáyé. Ó fẹ́ràn ìlú náà, ó sì ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ó padà sílé ní oṣù Kejìlá. Ní òru ọjọ́ 23, oṣù náà, ìmìtìtì ilẹ̀ wó Managua lulẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú, àwọn tí kò nílé mọ́ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Clemente kò dúró kí ẹnìkan wá bẹ òun. Ó di olórí ìgbìmọ̀ tí ń kó ìrànlọ́wọ́ jọ ní Puerto Rico. Ó lọ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó gba owó, oúnjẹ, aṣọ àti oògùn jọ. Ọdún Kérésìmesì ni, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù ni ó wà láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n rán ọkọ̀ òfurufú lọ ṣáájú. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ológun Anastasio Somoza, tí ó ń ṣàkóso Nicaragua, ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ìrànlọ́wọ́, pé kò dé ọwọ́ àwọn tí ebi ń pa.

Níbí ni ìwà tí ó ti ń hù bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti tún hàn. Ẹni tí kò gbà kí wọ́n fi òun jókòó sínú ọkọ̀ máa retí oúnjẹ àjẹkù, kò lè gbà kí wọ́n jí oúnjẹ gbé lẹ́nu ẹni tí ilé wó lé lórí. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Clemente pinnu pé òun yóò bá ẹrù náà lọ fúnra òun, nítorí ó gbà pé bí òun bá dúró níbẹ̀, wọn kò ní lè jí i.

Ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n rí háyà jẹ́ DC-7 àtijọ́ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà gan-an, ọkọ̀ náà ti fara gba ìpalára lórí ilẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra, ẹrù tí ó wà nínú rẹ̀ fi ohun tí ó ju 4,000 pọ́n-ùn lọ kọjá ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó gbé. Ní alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1972, lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án, tí àwọn ará Puerto Rico ń múra láti kí ọdún tuntun káàbọ̀, ọkọ̀ náà gbéra ní San Juan. Kò lọ jìnnà tí ó fi já sínú òkun. Ènìyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yè. Ẹni ọdún 38 ni Clemente. Ó fi Vera, aya rẹ̀, àti ọmọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀.

Àwọn ènìyàn ya lọ sí etíkun, wọ́n dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n ń wo omi. Nígbà tí ẹgbẹ́ Pirates wá sí Carolina fún ìsìn ìrántí, Manny Sanguillén, ọmọ Panama tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí láàárín wọn. Inú òkun ló wà pẹ̀lú àwọn tí ń wọ omi láti wá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọn kò rí òkú Clemente títí di òní.

Àwọn ìdílé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó yẹ kí wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò kò ṣe ojúṣe wọn. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá wọn láre, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì yí ìdájọ́ náà padà. Ọkọ̀ tí kò dára, ẹrù tí ó pọ̀ jù, àti olè tí ó mú kí ènìyàn rere rò pé òun gbọ́dọ̀ lọ fúnra òun: gbogbo wọn ló pàdé lálẹ́ ọjọ́ kan.

Orúkọ tí wọ́n tún kọ

Cooperstown, ní ìpínlẹ̀ New York, ni ilé ìrántí àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù wà. Òfin wọn ni pé agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti fi eré sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó lè dìbò lórí rẹ̀. Wọ́n yọ òfin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí Clemente. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1973, nínú ìbò 424 tí àwọn akọ̀ròyìn dì, 393 ló jẹ́ tirẹ̀. Òun ni ọmọ Látìn Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó wọ ibẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Vera ló dúró gba ẹ̀yẹ náà lórúkọ rẹ̀.

Pirates fi nọ́ńbà 21 tí ó ń wọ̀ pamọ́, wọ́n ní ẹlòmíràn kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ pápá tuntun, gíga ògiri apá ọ̀tún, ibi tí ó máa ń dúró sí, ni wọ́n ṣe ní ẹsẹ̀ bàtà 21. Afárá tí ó lọ sí pápá náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì máa ń tì í mọ́ mọ́tò lọ́jọ́ eré kí àwọn ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Lọ́dọọdún, líìgì ńlá máa ń fún agbábọ́ọ̀lù kan tí ó ṣe dáadáa fún àwọn ará ìlú ní àmì-ẹ̀yẹ Roberto Clemente. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gba àmì-ẹ̀yẹ yìí lónìí, wọn kò tíì bí wọn nígbà tí ó kú.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù díẹ̀ káàtó. Lára bàbà tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ní Cooperstown ní ọdún 1973, «Roberto Walker Clemente» ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń to orúkọ ni wọ́n fi to tirẹ̀, wọ́n sì sọ orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ di orúkọ àárín. Àwọn tí wọ́n fẹ́ bu ọlá fún un ló ṣe é, kì í ṣe àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àṣìṣe náà sì wà lára ògiri fún ọdún 27. Ọdún 2000 ni wọ́n tó tún òmíràn rọ, tí wọ́n kọ ọ́ bí Melchor àti Luisa ṣe fi í fún un: Roberto Clemente Walker.